Èédú Ìdí Pèrègún

Wọ́n bá Bàbá Ọláìyá létí odò Aláfọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dojú bolẹ̀, omi ń fọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, fìlà rẹ̀ sì wà lórí digbí. Fìlà yẹn ló kọ́kọ́ gba ọkàn Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàjàrá. Ẹni tó bá jà kó tó kú, fìlà kì í dúró sí i lórí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti lu bàbá náà, ẹni tí kò sì fura sí ló lù ú.

Hàjàrá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí fìlà náà ti tẹ̀ wọnú. Ìka rẹ̀ pọ́n. Ó kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti dúdú. Ọ̀dà nìyí, ọ̀dà pupa, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

"Ọ̀dà èèkàn ni, Màdáámù," ni Kọ́púrù Rótìmí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wí. "Èèkàn olórí pupa táwọn ará ilé iṣẹ́ ètò ìlú ń rì mọ́lẹ̀ káàkiri. Bàbá Bẹ̀llò, tó ní oko létí odò yìí, fa mẹ́rin tu lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó kó wọn lọ dà sílẹ̀ láàfin lójú gbogbo ayé. Ó ní ẹni tó bá tún ri èèkàn sóko òun, òun á rì í mọ́ ọn lórí. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ tó bá tètè parí báyìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni."

Ó yẹ àpò kakí bàbá náà wò. Èédú méjì ló bá níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ. Bàbá náà di ọ̀kan sínú ewé ẹ̀mí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ó di èkejì sínú ewé tíìkì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n papọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kún èékánná rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bóyá ó fẹ́ fi yan iṣu ni," Rótìmí wí.

"Iṣu wo ni èédú méjì máa yan?" Hàjàrá di wọ́n padà bó ṣe bá wọn, ó kì wọ́n sínú báàgì rẹ̀.

Ọdún 1982 nìyí. Owó epo rọ̀bì tó ń ṣàn wọ̀lú ti ń fà sẹ́yìn, àwọn olórí ìjọba n'Ílọrin ni kò tíì fẹ́ gbà pé ó ń gbẹ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi owó yẹn dáwọ́ lé, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní láárí: ìgbànú igi. Abdulrasaq, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ètò ìlú ní Òmù-Àrán, ló yà á sórí máàpù. Ó ní Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òrò àti Ìjàrà-Ìsin ń gbòòrò, pé lọ́jọ́ kan ilé yóò kan ilé. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ó fẹ́ fi igbó àti odò so wọ́n pọ̀, kí ọ̀gbàrá ríbi wọ̀ sí, kí atẹ́gùn ríbi gbà, kí àwọn obìnrin rí igi ìdáná nítòsí. Àwọn ará ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìlú tí kò ní ṣòkòtò, ó ń wá ìgbànú.

Hàjàrá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún ọ̀dá, ní 1973, odò Aláfọ̀n gbẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Omi inú kòtò ni wọ́n mu. Omi yẹn ló pa Asisat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bó bá rí ẹni tó ń bẹ́ igi létí odò, kì í lè kọjá láìbá a wí. Ó fẹ́ràn ìgbànú yẹn ju bó ṣe yẹ kí ọlọ́pàá fẹ́ràn nǹkan lọ.

Ìjà wá wà lórí ibi tí ìgbànú náà máa gbà. Ìlọrin ti kéde pé kò sí owó gbà-má-bínú fún ẹnikẹ́ni, inú igbó ìjọba àtijọ́ nìkan ni kí wọ́n gbìn ín sí. Ní Aláfọ̀n, kò sí òpó sìmẹ́ńtì tó pààlà láàrin igbó ìjọba àti oko àwọn Bẹ̀llò. Pèrègún ni, tí bàbá bàbá Bẹ̀llò gbìn láyé òyìnbó. Bẹ̀llò lọ tọ́jú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kàdúná fún ọdún méjì. Ìgbà tó dé, ó figbe ta pé pèrègún ti rìn wọnú oko òun, pé ìsun odò Aláfọ̀n, tó jẹ́ ti ìdílé òun, ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Bàbá Ọláìyá, gáàdì tó ti ṣọ́ igbó náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló takò ó lójú ọba. Ó ní ibi tí pèrègún wà náà ló wà. Ọba ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́rú, kí wọ́n gbẹ́ ìdí pèrègún náà wò.

Ọjọ́rú ku ọ̀la, Ọláìyá ti kú.

Hàjàrá bá Bẹ̀llò lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà gbọọrọ.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Níbo lẹ wà lówùúrọ̀ yìí?"

"Mo kírun àsùbáà tán, mo jókòó síbi tí o bá mi yìí. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí, ibo ni n ó lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ó ri èèkàn mọ́ èèyàn lórí."

"Mo sọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Ṣé gbogbo ohun tí ẹni inú ń bí bá sọ náà ló máa ń ṣe? Wàláhì, Hàjàrá, n kò fọwọ́ kan Ọláìyá. Ó purọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n a jọ dàgbà ni."

Fulera, ìyàwó rẹ̀, jáde láti inú ilé, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. "Mo rí bàbá náà láàyè láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ìgbà tí mo lọ pọnmi ni. Ó ń bọ̀ láti ìdí igi àfọ̀n ńlá, ó gbé ọkọ́ léjìká. Ó ní, 'Fulera, sọ fọ́kọ rẹ kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dára.'"

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Èmi nìkan ni."

Bẹ̀llò rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ tètè gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá."

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kò ní sùúrù. Ó ní Jímọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbé Bẹ̀llò lọ sẹ́wọ̀n Ìlọrin láti lọ jẹ́jọ́ ìpànìyàn, pé bí Hàjàrá bá ní ohun mìíràn tó ń wá, kó yára wá a kí ó tó di ọjọ́ náà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Bẹ̀llò. Bó bá wọ ọkọ̀ yẹn, kò ní padà wálé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Hàjàrá lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlú. Ó bá Abdulrasaq lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti lándiróófà rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó ti gbọ́.

"Bàbá yẹn ló kọ́ mi ní orúkọ gbogbo igi ilẹ̀ yìí," ó wí. "Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi, Àǹtí. N kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìrókò àti àràbà nígbà tí mo dé. Ọmọ ló máa ń pè mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

"Lọ́jọ́ Àìkú. Òkè-Ọdẹ ni mo sùn lánàá, mo lọ wo ilẹ̀ fún àwọn ọmọ igi tuntun. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òní ni mo wọlé, ni wọ́n sọ fún mi."

Oòrùn mú Hàjàrá, òun náà fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà díẹ̀. Búláòsì funfun ló wọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí wọ́n máa sìnkú, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìgbànú. Abdulrasaq ní láìsí ìsun Aláfọ̀n, ìgbànú náà kàn jẹ́ okùn tí a so mọ́ afẹ́fẹ́, nítorí omi ibẹ̀ ló ń bọ́ odò mẹ́ta tó kù. Hàjàrá mi orí. Ó mọ̀. Ìgbà tó délé, tó bọ́ búláòsì náà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun kinkin, ó sì so ó kọ́ fún ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́rú, gbogbo abúlé pé sídìí pèrègún. Àwọn àgbà Ìgbómìnà kì í gbin pèrègún ààlà lásán. Igi lè kú, iná lè jó o, ẹni ibi lè hú u. Wọ́n á kọ́kọ́ da èédú sísàlẹ̀, nítorí èédú kì í jẹrà. Ibi tí a bá ti bá èédú nísàlẹ̀ pèrègún, ààlà nìyẹn, àríyànjiyàn tán.

Ìránṣẹ́ ọba gbẹ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ dé ìgbọ̀nwọ́ kan. Èédú yọ, dúdú mìnìjọ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì.

Ariwo sọ. "Ẹ ò rí i! Bẹ̀llò purọ́, ó tún pààyàn lé e!" Fulera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó ń wo ihò náà bí ẹni tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dà.

Hàjàrá bù nínú èédú náà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú méjèèjì tó wà nínú báàgì rẹ̀ jáde, ó fi wọ́n wé e. Èyí tó wà nínú ewé tíìkì fúyẹ́ bákan náà. Èyí tó wà nínú ewé ẹ̀mí wúwo. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò jù ú nù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tún kàn ni Olóyè Ọlábọ̀dé, ọmọ Aláfọ̀n tó di ọlọ́rọ̀ l'Ékòó. Ó wálé láti ṣe ìrántí ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó ti ń bẹ Bẹ̀llò láti ra ilẹ̀ ìsun náà, torí yanrìn ibẹ̀ dára fún búlọ́ọ̀kù. Ó gba Hàjàrá lálejò pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù.

"Olóyè, bí ìgbànú bá gba ibẹ̀, ẹ̀yin lẹ pàdánù."

"Mo pàdánù, mo gbà. Ìdí nìyẹn tí o fi rò pé mo pa gáàdì?"

"Mò ń béèrè ni."

"Láti aago mẹ́fà àárọ̀ àná ni pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ akọrin ti wà nínú yàrá yìí, wọ́n ń jẹ mí lóúnjẹ. Lọ bi wọ́n." Ọlábọ̀dé tẹ ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú àga. "Jẹ́ n sọ ohun kan fún ọ, aráàlé. Bẹ̀llò ní wọ́n sún pèrègún wọnú oko òun. Èmi ni mo fẹ́ ra oko náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sún pèrègún lóòótọ́, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀run, kò lè jẹ́ èmi."

Inú Hàjàrá kò dùn sí i, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó jẹ́rìí sí i.

Alẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí Rótìmí dé láti Òkè-Ọdẹ. Hàjàrá ló rán an, nítorí gbogbo ẹni tó bá dárúkọ ibi tó wà, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó rí i níbẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ọkùnrin náà. Ẹrẹ̀ bò ó dé itan, alùpùpù rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n.

"Màdáámù, òjò ọjọ́ Àìkú ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́ pátápátá. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣubú. Wọ́n ní Ọ̀gá Abdulrasaq wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Hàjàrá. Ó rántí búláòsì rẹ̀ tó so kọ́ sára ògiri. Ó fẹ̀yìn ti lándiróófà tí wọ́n ní ó ti Òkè-Ọdẹ dé, kò sì sí ẹrẹ̀ kankan lẹ́yìn aṣọ náà.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Abdulrasaq fọ ọkọ̀ náà ni. Ó wù ú kí ó jẹ́ pé ó fọ̀ ọ́. Ká sọ tòótọ́, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ bá Ìyá Ràfátù, obìnrin tó ti ń sun èédú láti kékeré, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò sì tún lè funfun mọ́ láyé. Hàjàrá tú ewé méjèèjì síwájú rẹ̀ láìsọ ibi tó ti rí wọn.

Ìyá Ràfátù mú ti ewé ẹ̀mí, ó jù ú sórí òkúta. Ó dún gan-an bí irin. "Èédú igi ayin nìyí. Ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Wo gbòǹgbò koríko tó gbà á já." Ó mú èkejì, ó jù ú. Ó dún pọ̀, etí rẹ̀ kan sì ṣán. "Èyí, èédú igi mẹláínà ni. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n sun ún. Ó fúyẹ́ bí ìhùùhù."

"Ẹ dá a mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé o kì í dá ohùn ọmọ rẹ mọ̀ ni?" Ó rántí nígbà tó ti sọ ọ́ tán, ojú tì í. "Má bínú, ọmọ mi."

"Kò sí nǹkan, Ìyá. Mẹláínà, ìgbà wo ló dé ilẹ̀ yìí?"

"Mo ti bí ọmọ mẹ́rin kí ìjọba tó kó o wá. Bàbá bàbá Bẹ̀llò kò rí i sójú títí ilẹ̀ fi bò ó."

Hàjàrá di méjèèjì padà sínú ewé wọn. Bàbá bàbá Bẹ̀llò kò lè fi èédú igi tí kò tíì dé ayé rẹ̀ gbin pèrègún. "Ta ló ń tà á?"

"Èédú mẹláínà? Ta ni yóò rà á? Omi kò ní hó kó tó kú. Àwọn ètò ìlú nìkan ló sun ún. Ọ̀gá wọn ní ká yé bẹ́ igi ẹ̀mí, ká máa fi èyí dáná, ó fẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́, a sì kọ̀ ọ́. Ọmọ dáadáa ni, kò kàn mọ ìdáná ni."

Ọgbà ọmọ igi wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ètò ìlú. Mary, obìnrin tó ń bu omi rin wọ́n, ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀.

"Àpò èédú mẹláínà mẹ́ta la tò síbẹ̀ yẹn," ó wí, "kò sẹ́ni tó gbà á. Ó ti ku méjì. Mo bi Ọ̀gá, ó ní òun fi tọrẹ."

"Àti èèkàn?"

"Mẹ́rin ni mo kùn lálẹ́ ọjọ́ Ajé, láti fi rọ́pò àwọn tí Bàbá Bẹ̀llò fà tu. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Kò gbọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó fi kó wọn sọ́kọ̀ lọ sí Aláfọ̀n. Ó ba aṣọ rẹ̀ jẹ́."

"Wọ́n fọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mary wò ó bí ẹni tí kò gbọ́n. "Omi tí kò tó ọmọ igi, ta ni yóò fi fọ ọkọ̀?"

Hàjàrá jókòó sórí garawa tó dojú dé, láàrin àwọn ọmọ igi tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ọ̀rá dúdú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn bó bá dìde níbẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, lọ́la ni Bẹ̀llò máa wọ ọkọ̀ Ìlọrin, ìgbànú á rìn, omi á máa ṣàn. Arúgbó kan ṣoṣo tó ya aláriwo ni yóò gbà. Ó rò ó. Ìtìjú ńlá ni fún un pé ó rò ó, ṣùgbọ́n ó rò ó títí Mary fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ó dìde.

Abdulrasaq wà nínú ọ́fíìsì, ó tẹ́ máàpù ńlá náà sórí tábìlì, ó ń fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ewé kùn ún. Rótìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hàjàrá gbé èédú méjèèjì lé orí máàpù náà.

"Ẹ gbé wọn."

Ó gbé wọn. "Èédú ni, Àǹtí. Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin wọn?"

Ó yí wọn padà sọ́tùn-ún sósì. "N kò rí ìyàtọ̀ kankan. Èédú ni èédú ń jẹ́."

"Ohun tó mú yín nìyẹn," ni Hàjàrá wí. "Ọ̀kan, ayin ni, ìdí igi àfọ̀n ńlá ni Bàbá Ọláìyá ti hú u, níbi tí ààlà wà láti ayébáyé. Èkejì, mẹláínà ni, ìdí pèrègún tuntun ló ti hú u. Inú àpò yín ló ti jáde. Ẹ̀yin lẹ gbé pèrègún. Ẹni tí ìyípadà ààlà yẹn ṣe láǹfààní, mo wá a títí, n kò rí i: Bẹ̀llò pàdánù, Ọlábọ̀dé pàdánù. Ìgbànú nìkan ló jèrè. Ẹ ní Òkè-Ọdẹ lẹ sùn. Ọkọ̀ yín kò ní ẹrẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára fìlà bàbá náà kò tíì gbẹ, Mary sì ni ó kùn ún. Àwọn èyí tí Bẹ̀llò fà tu ti gbẹ láti oṣù mẹ́ta."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rọra fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Kò sá, kò jiyàn. Ó jọ ẹni tí ó ti ń retí àlejò.

"Ogójì ìṣísẹ̀," ó wí. "Ogójì ìṣísẹ̀ péré ni ìsun náà fi bọ́ síta ìgbànú. Mo kọ̀wé sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹjọ fún owó gbà-má-bínú. Wọ́n fi owó náà ra ọkọ̀ fún ara wọn. Bẹ̀llò sì máa tà á fún Ọlábọ̀dé, gbogbo wa la mọ̀. Ó kúrò nílùú, igbó kún, mo bá gé pèrègún, mo gbìn ín síbòmíràn. Pèrègún kì í kọ ibi tí a bá gbìn ín sí. Bàbá Ọláìyá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà kan pé wọ́n máa ń da èédú sábẹ́ rẹ̀, mo bá da tiwa síbẹ̀. Mo ní ibẹ̀ ni ààlà wà lórí máàpù ìjọba. Ó gbà mí gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́rìí fún mi láàfin."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ gbẹ́ méjèèjì kí ọjọ́rú tó dé. Mo bá a létí odò nígbà tí mo lọ ri èèkàn. Ó fi èédú hàn mí." Ó wo èédú náà. "Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Ó ní, 'Ọmọ, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ sọ ọ́ lọ́dọ̀ ọba, n ó bá ọ bẹ̀ wọ́n.' Ó yíjú sí ọ̀nà, ó ń retí kí n tẹ̀ lé òun. Èèkàn wà lọ́wọ́ mi."

Hàjàrá kó èédú náà padà sínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ ó sì jẹ́ kí Bẹ̀llò kú."

"Mo ṣírò rẹ̀," Abdulrasaq wí. "Ẹni méjì, àti omi ìlú mẹ́rin." Ó wo obìnrin náà tààrà. "Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ Asisat fún mi, Àǹtí. Mo rò pé bí ó bá máa yé ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni."

Hàjàrá gbá a létí. Kò gbá afurasí létí rí láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, kò sì tún gbá ẹlòmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí Rótìmí kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́, ó yíjú wo máàpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ta ni yóò parí rẹ̀?" ó béèrè.

Rótìmí mú un jáde.

Wọ́n dá Bẹ̀llò sílẹ̀ ní àárọ̀ Jímọ̀. Fulera gbé iṣu mẹ́wàá wá sílé Hàjàrá, ó kúnlẹ̀, ó sunkún. Bẹ̀llò tún pèrègún gbìn sídìí àfọ̀n, ó da èédú ayin sábẹ́ rẹ̀, ọba ṣàdúrà sí i. Ní Ìlọrin, wọ́n ní ètò tí apànìyàn ṣe kò lè jẹ́ ètò ìjọba. Inú wọn dùn láti rí ohun tí wọ́n máa fi pa á tì. Àwọn ọmọ igi gbẹ sínú ọ̀rá ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí wọn kò san owó Mary mọ́. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún Abdulrasaq. Lẹ́yìn náà, àwọn sójà gba ìjọba, nǹkan le, ìwé di ọ̀wọ́n nílé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹnì kan sì kó àwọn ẹ̀rí àtijọ́ jáde. Ẹ̀yìn máàpù ìgbànú ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí.

Ní oṣù kejì ọdún 1986, Hàjàrá gba Aláfọ̀n kọjá. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kí ó tó rí i. Wọ́n ń tẹ búlọ́ọ̀kù lórí ìsun odò. Wọ́n ti wa yanrìn ibẹ̀ títí wọ́n fi kan àpáta, omi sì ti gbẹ. Lódìkejì, nínú igbó ìjọba tí kò ní gáàdì mọ́, kùkùté ló kù. Pèrègún nìkan ló tutù láàrin méjèèjì, kò yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Bẹ̀llò jókòó lórí àpótí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ tà á."

"Mo tà á. Ọlábọ̀dé san án dáadáa. Kí ni mo fẹ́ ṣe, Hàjàrá? Ìrẹsì ti di wúrà, ẹsẹ̀ mi ń gba abẹ́rẹ́." Ó wo obìnrin náà pẹ̀lú ìyàlẹ́nu tòótọ́. "Ilẹ̀ mi ni. Ìwọ náà lo fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn."

Hàjàrá yíjú sí ọ̀nà. Òtítọ́ ni.

Fulera ń bọ̀ lọ́nà Èsìẹ́ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lórí. Ó ní ọkọ̀ omi kò wá lónìí, àná náà kò wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tẹ̀ lé e, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọmọ náà rí ìgò omi tó wà lọ́wọ́ Hàjàrá, ó sì dúró.

Hàjàrá bẹ̀rẹ̀, ó da èyí tó kù sínú ìdérí ìgò náà, ó gbé e fún un. Ọmọ náà mu ún láìmí. Ó tún na ìdérí náà sí i.

"Ó ti tán," Hàjàrá wí.

Ọmọ náà kò gbà á gbọ́. Ó ṣì na ìdérí náà síbẹ̀.